NÍBI TÍ A Ń GBÉ NI KÍ A TI DÌBÒ

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú. Ẹgbẹ́ wa kò sí lẹ́yìn ẹnìkan, ìwé yìí náà kò sí. Ọ̀rọ̀ ìjọba tiwa-n-tiwa ni, àti ipò tí àwa tí a wà ní Òkè Ọya níhìn-ín wà nínú rẹ̀.

Láìpẹ́ yìí ni ọmọbìnrin ọ̀kan nínú wa fẹ́ wọ ilé-ìwé gíga. Wọ́n ní kí ó mú ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ wá. Bàbá bàbá rẹ̀ bá rélùwéè ti Ọ̀fà wá. Ìlú yìí ni wọ́n bí bàbá rẹ̀ sí, ìlú yìí ni wọ́n bí òun náà sí, Hausa sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Ní káńsù tí ó lọ, wọ́n ní kí ó padà sí ìlú bàbá rẹ̀ lọ gbà á. Ó wọkọ̀, ó dé Ọ̀fà. Akọ̀wé tí ó bá níbẹ̀ bi í pé ọmọ agboolé wo ni, àti pé ta ni ó mọ̀ ọ́n. Ọmọ kò rí ẹni mẹ́ta dárúkọ. Ọwọ́ òfo ni ó fi padà wá. Àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa ni ó tẹ̀ wọ́n láago nílé kí wọ́n tó fún un, nígbà tí ìwé náà sì dé, àyè ti kún.

A bi ara wa pé: níbo wá ni ọmọ yìí ti wá?

Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 dáhùn ìbéèrè náà ní abala 318. Ọmọ ìpínlẹ̀ kan ni ẹni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀, tàbí ọ̀kan nínú àwọn òbí wọn, jẹ́ ọmọ àwùjọ tí ó jẹ́ ìbílẹ̀ ibẹ̀. Òfin náà kò sọ iye ọdún tí ènìyàn lè fi gbé ìlú kí ó tó di ọmọ ibẹ̀. Ẹni tí ó ti san owó orí fún 40 ọdún àti ẹni tí ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lánàá, ọgbọọgba ni wọ́n. A kò ní sọ pé àwọn tí ó kọ òfin náà kò ní ìdí. Wọ́n bẹ̀rù kí ẹ̀yà tí ó pọ̀ má baà kó gbogbo ipò mọ́ ẹ̀yà tí ó kéré lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí abala 147 fi ní kí Ààrẹ mú mínísítà kan, ó kéré tán, láti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì jẹ́ ọmọ bíbí ibẹ̀. Ẹ̀rù náà tọ́ nígbà náà. Ṣùgbọ́n aṣọ tí a dá fún ọmọdé ti fún àgbàlagbà mọ́ra.

Ẹ jẹ́ kí a ṣí ojú ewé mìíràn nínú ìwé kan náà. Abala 77 àti 117 ní ọmọ Nàìjíríà tí ó bá ti pé ọdún 18, tí ó sì ń gbé ní Nàìjíríà nígbà ìforúkọsílẹ̀, ní ẹ̀tọ́ láti forúkọ sílẹ̀ kí ó sì dìbò. Abala 106 sọ ẹni tí ó lè wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀: ọmọ Nàìjíríà, tí ó ti pé ọdún 25 láti ìgbà tí a tún un ṣe ní 2018, tí ó kàwé dé ìwọ̀n tí òfin sọ, tí ẹgbẹ́ òṣèlú sì fà kalẹ̀. Kò béèrè agboolé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìwé ẹ̀rí ni wọ́n lè fi dù wá. Káàdì ìdìbò kò ṣeé fi dù wá, bí kò ṣe pé àwa fúnra wa bá fi du ara wa.

A sì ń fi du ara wa. Ìdá mélòó nínú wa ni káàdì rẹ̀ wà ní ìlú yìí? Ẹlòmíràn ti ń gbé níhìn-ín láti 30 ọdún, Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ìnísà ni káàdì rẹ̀ wà. Bí ọjọ́ ìbò bá dé, ọ̀nà jìn, ọjà kò ṣeé fi sílẹ̀, owó ọkọ̀ ti wọ́n. Ó jókòó sílé, kò dìbò níhìn-ín, kò dìbò lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, yóò wá sí ìpàdé wá máa ráhùn pé kánsẹ́lọ̀ kò tún gọ́tà Sábọ́ngàrí ṣe. Kánsẹ́lọ̀ wo? Ẹni tí kò ní ìbò kan ṣoṣo láti fi yọ ọ́?

Àwọn ìyá wa mọ iye tí ìbò jẹ́. Nígbà ìdìbò gbogbogbò ti 1959, obìnrin tí ó wà ní Ìbàdàn dìbò, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá ọkọ rẹ̀ wá sí Kánò kò lè dìbò, nítorí Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn gbà kí obìnrin dìbò, Àríwá kò gbà. Sísọdá odò Ọya nìkan ni ó gba ìbò rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó di 1976 kí ìjọba ológun tó fún àwọn obìnrin Àríwá ní ẹ̀tọ́ náà. Nísinsìnyí tí ó ti dọ́wọ́, àwọn ọmọ wọn fi í sínú àpótí aṣọ.

Kì í ṣe àwa nìkan. Ní 2023, ènìyàn 93,469,008 ni orúkọ wọn wà nínú ìwé INEC. Àwọn tí ó dìbò fún Ààrẹ kò ju mílíọ̀nù 25 lọ. Ìbò 8,794,726 ni ó gbé ẹni tí ó wọlé wọlé, kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá àwọn tí ó forúkọ sílẹ̀. A kò dá ẹni tí ó wọlé lẹ́bi. Òun ni ó ní ìbò jù. Àwọn tí ó jókòó sílé ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí.

Ẹnìkan yóò ní ẹ̀rù ni ó ń ba òun. Òótọ́ ni. A kò gbàgbé oṣù kẹrin ọdún 2011, tí rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ìdìbò Ààrẹ ní ìpínlẹ̀ púpọ̀ ní Àríwá, tí ẹni tí ó kú lé ní 800 gẹ́gẹ́ bí àjọ Human Rights Watch ti kà á. Ẹni tí ó bá sá wọlé lọ́jọ́ náà kò ṣe ohun ìtìjú. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí nǹkan ti rí: àwọn tí wọ́n kò dìbò rárá náà ni wọ́n jó ṣọ́ọ̀bù wọn. Àìdìbò kò gba ẹnikẹ́ni là. Ohun tí ó gba ènìyàn là ní àdúgbò púpọ̀ ni pé máì-ungúwà àti aládùúgbò mọ̀ ọ́n ní ojú àti ní orúkọ.

Ọ̀rọ̀ káńsù ni ó dùn wá jù, nítorí káńsù ni ó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà wa: ọjà, gọ́tà, ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ilé ìwòsàn kékeré. Ìjọba ìpínlẹ̀ ni ó ń yan àwọn tí ń darí ìdìbò káńsù, àwa sì rí ohun tí ó ń tìdí rẹ̀ jáde. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ẹgbẹ́ tí ó wà lórí oyè ní Kánò kó gbogbo ipò alága 44. Ní Kàdúná, ẹgbẹ́ tí ó wà lórí oyè kó gbogbo 23. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àìsàn Òkè Ọya ni. Ní oṣù kẹrin ọdún yẹn kan náà, ẹgbẹ́ tí ó wà lórí oyè ní Ọ̀yọ́ kó gbogbo 33, Èkó sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2025, gbogbo 57. Ẹgbẹ́ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ìwà kan.

Ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ti ṣe tirẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, ó dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ 774 máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, àti pé gómìnà kò gbọdọ̀ tú káńsù tí ará ìlú yàn ká. Ìdájọ́ rere ni. Ṣùgbọ́n bí owó bá dé ọwọ́ alága tí gómìnà nìkan mú, ọ̀dọ̀ gómìnà náà ni owó yóò padà sí. Èrò tiwa ni pé kí a gba ìdìbò káńsù kúrò lọ́wọ́ àwọn tí gómìnà yàn, kí òfin sì sọ iye ọdún tí ẹni tí ń gbé ìlú kan, tí ń sanwó orí níbẹ̀, yóò lò kí ọmọ rẹ̀ tó lè jẹ ohun tí ọmọ ìlú ń jẹ. Ọdún mẹ́wàá tó, lójú tiwa.

Ẹ dúró ná o. Bí a bá béèrè èyí ní Kánò, a gbọ́dọ̀ fún ọmọ Hausa tí a bí sí Sábó Ìbàdàn àti Sábó Ṣàgámù ní irú rẹ̀. Àwọn kan nínú wa fà á sẹ́yìn nígbà tí a sọ ọ́ ní ìpàdé ìgbìmọ̀. Wọ́n ní tiwọn yàtọ̀. A bi wọ́n pé kí ni ó yà á, kò sí ẹni tí ó lè dáhùn.

Ó ku ilé tiwa. Àwọn olóyè ẹ̀ka wa, àwa tí a ń kọ ìwé yìí sì wà nínú wọn, ti pẹ́ lórí àga ju bí òfin ẹgbẹ́ ti wí lọ. Àwọn obìnrin ń san owó oṣù, wọ́n ń se oúnjẹ àjọ̀dún, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá fẹ́ yan alága, ìta ni wọ́n wà. Àwọn ọ̀dọ́ kò wá sí ìpàdé mọ́ nítorí pé bí wọ́n bá sọ̀rọ̀, a ó ní ọmọ ta ni wọ́n. Gómìnà tí ó kó gbogbo káńsù kò ṣe ju èyí lọ.

Nítorí náà, ní ìpàdé gbogbogbò tí ń bọ̀, a ó gbé ọjọ́ ìdìbò olóyè kalẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin ni yóò sì dìbò. Kí olúkúlùkù mú káàdì ìdìbò rẹ̀ dání. Akọ̀wé yóò kọ ìlú tí káàdì kọ̀ọ̀kan wà sílẹ̀, a ó sì kó àwọn tí tiwọn wà nílé lọ sí ọ́fíìsì INEC pa pọ̀ láti gbé e wá síhìn-ín. Ẹni tí kò bá ní rárá, kí ó wá bẹ́ẹ̀.