Kì Í Ṣe Ṣọ́ọ̀kì Ló Ń Gbé Ẹrù

Ní Ìkọ̀lé-Èkìtì, bí ọkọ̀ wágọ̀nù àtijọ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìdí wọ́lẹ̀, ìdájọ́ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu gbogbo èèyàn: “Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn ti kú.” Awakọ̀ gbà bẹ́ẹ̀, ẹni tó ni ọkọ̀ gbà bẹ́ẹ̀, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí kò tíì lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ náà ti mọ̀ ọ́n lórí. Wọ́n á ra ṣọ́ọ̀kì méjì, wọ́n á dè é, owó á sì ti lọ. Lọ́jọ́ ọjà tó bá tẹ̀ lé e, iṣu á wọ búùtù, ìdí ọkọ̀ á tún wálẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan kì í sì í béèrè pé, bó bá jẹ́ pé ṣọ́ọ̀kì ló kú, kí ló dé tí èyí tuntun kò gbé e dìde?

Sípíríǹgì ló ń gbé ẹrù. Iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì yàtọ̀. Bí táyà bá já sí kòtò, sípíríǹgì á wọlé, á ta jáde, á tún wọlé, kò sì ní tètè dákẹ́. Ṣọ́ọ̀kì ló ń pa á lẹ́nu mọ́: epo inú rẹ̀ ń gba ihò tóóró kọjá, ìjà tí epo àti ihò náà bá ara wọn jà ló ń mú kí ọkọ̀ rọlẹ̀. Ìgbà tí nǹkan bá ń mì nìkan ni ìjà yẹn wà. Bí ọkọ̀ bá dúró jẹ́ẹ́ ní gáréèjì Ìfàkì, tó ń dúró de èrò, ṣọ́ọ̀kì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe nǹkan kan.

Ẹni tí kò bá gbà lè dán an wò láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ (bí nọ́ọ̀tì kò bá ti dípẹtà, èyí tó ṣọ̀wọ́n lára àwọn ọkọ̀ yìí). Kí ó gbé Peugeot 504 wágọ̀nù sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nílẹ̀. Kí ó fi téèpù wọn ibi tó ti àárín táyà ẹ̀yìn dé etí fẹ́ńdà. Kí ó tú ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn méjèèjì láìfi jáàkì gbé ọkọ̀ náà, kí ó sì tún un wọ̀n. Ọkọ̀ á ṣì dúró níbi tó dúró sí. Kí ó wá fi ọwọ́ tẹ ṣọ́ọ̀kì tó tú náà mọ́lẹ̀. Ó ń wọlé. Èyí tí wọ́n fi gáàsì sí á rọra jáde padà, ṣùgbọ́n ọwọ́ lásán tì í wọlé. Ohun tí ọwọ́ èèyàn ń tì wọlé, ṣé òun ni yóò gbé àpò gààrí mẹ́fà?

Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún 1968 ni Peugeot gbé 504 jáde. Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kàdúná bẹ̀rẹ̀ sí í to àwọn ọkọ̀ wọn jọ ní Nàìjíríà, wágọ̀nù 504 sì di ọkọ̀ èrò káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Wágọ̀nù yìí kì í ṣe ọkọ̀ kékeré tí wọ́n kàn fa ìdí rẹ̀ gùn. Láti táyà iwájú sí táyà ẹ̀yìn, ó fi sẹ̀ǹtímítà 16 gùn ju 504 tí kì í ṣe wágọ̀nù lọ. Lábẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ọ̀pá irin kan gbọọrọ ló so táyà méjèèjì pọ̀, sípíríǹgì mẹ́rin ló sì jókòó lé e, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Ẹrù ni wọ́n ṣe mẹ́rin yẹn fún. Bó bá jẹ́ pé ṣọ́ọ̀kì ń gbé ẹrù ni, ṣọ́ọ̀kì ni wọn ì bá sọ di mẹ́rin.

Ní ọdún 1678, Robert Hooke, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sínú ìwé pé bí ìwúwo bá ṣe pọ̀ sí lórí sípíríǹgì ni yóò ṣe wọlé sí. Bí ọgọ́rùn-ún kílò bá tẹ̀ ẹ́ wọlé ní sẹ̀ǹtímítà méjì, ọgọ́rùn-ún mẹ́ta á tẹ̀ ẹ́ ní mẹ́fà. Ṣùgbọ́n irin tó bá ń gbé àgbéjù lójoojúmọ́ fún ogún ọdún kì í padà sí gíga rẹ̀ mọ́. Èèyàn mẹ́sàn-án tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tẹ̀wọ̀n tó àádọ́rin kílò ti di 630 kílò kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n dì sórí ọkọ̀. Kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa lọ máa bọ̀ láàárín Ìdó, Ọyẹ́, Ìkọ̀lé àti Ọ̀mùò, nínú kòtò àti lórí òkè, sípíríǹgì rẹ̀ á rọ̀ ni.

Kí ló wá dé tí èrò pé ṣọ́ọ̀kì ló ń gbé ẹrù kò fi kú? Ìdí kan ni pé ṣọ́ọ̀kì máa ń fi ara rẹ̀ hàn. Ó ń da epo, ó ń dún gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n. Sípíríǹgì tó rọ̀ kì í da nǹkan kan, kì í sì í pariwo. Ìkejì, ṣọ́ọ̀kì tuntun ń mú kí ọkọ̀ dẹ́kun ìfòsókè-fòsódò, awakọ̀ á sì lérò pé ọkọ̀ òun ti san. Ètè ni wọ́n fi sílẹ̀ tí wọ́n ń pa làpálàpá.

Àwọn tó tilẹ̀ fura sí sípíríǹgì ló ń ṣe èyí tó burú jù. Àwọn kan ń gé rọ́bà táyà há àárín sípíríǹgì. Ibi tí rọ́bà bá há kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, apá tó kù á máa jìyà rẹ̀ títí yóò fi kán. Àwọn mìíràn ń gbé e fún wẹ́dà kí ó fi iná gáàsì mú un pọ́n, kí wọ́n sì fà á gùn. Ó yani lẹ́nu pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ nítòsí Ìrè-Èkìtì, ìlú Ògún Onírè, tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọyẹ́. Alágbẹ̀dẹ tó ń fi sípíríǹgì ọkọ̀ rọ àdá kò ní ṣe é. Ó mọ̀ pé irin tó bá pọ́n nínú iná tó sì tutù fúnra rẹ̀ ti rọ̀, pé títì í bọ omi ló ń fún un ní líle padà. Sípíríǹgì tí wẹ́dà bá fà gùn á ga lọ́jọ́ yẹn. Bí ẹrù bá wọ̀ ọ́, ó parí.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹwà ọkọ̀ nìkan. Bí ìdí bá wọlẹ̀, imú á gbé sókè, iná ọkọ̀ á máa tàn sójú ẹni tó ń bọ̀ lóru, táyà iwájú kò sì ní tẹ ilẹ̀ dáadáa mọ́ nígbà tí awakọ̀ bá ń yí sítíárì.

Ó yẹ kí a ṣe ẹ̀tọ́ fún ẹ̀gbẹ́ kejì. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí ṣọ́ọ̀kì wọn ń gbé nínú ẹrù lóòótọ́. Nínú wágọ̀nù Mercedes-Benz W123, pọ́ńpù ń ti epo sínú ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn, ó sì ń bá sípíríǹgì pín ẹrù gbé. Ẹni tó bá ní irú rẹ̀, kí ó yẹ epo náà wò kí ó tó fọwọ́ kan nǹkan mìíràn. Peugeot 504 àti 505 kò sí nínú wọn. Sienna tó gba ojú ọ̀nà lọ́wọ́ wọn náà, sípíríǹgì irin ló wà lábẹ́ ẹ̀yìn èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ tún ìdí wágọ̀nù rẹ̀ ṣe, kí ó wọn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì nígbà tí ọkọ̀ ṣófo. Bí ọ̀kan bá kúrú ju èkejì lọ, kí ó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá sípíríǹgì ti kán tàbí ìpẹtà ti jẹ ibi tó jókòó sí. Bó bá lọ ra tòkunbọ̀ ní Ladipo l'Ékòó tàbí ní Gate n'Íbàdàn, kí ó ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lára ọkọ̀ kan náà, kí ó tò wọ́n sórí ilẹ̀ títẹ́ kó tó sanwó: èyí tó bá kúrú, kí ó dá a padà. Bí ṣọ́ọ̀kì bá ń da epo, kí ó pààrọ̀ ìyẹn náà, nítorí epo tó ń dà. Àwọn sípíríǹgì mẹ́rin tó bọ́ sílẹ̀, alágbẹ̀dẹ á rà wọ́n.