Fóònù Kì í Ṣe Ìbọn

Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ ká sọ nísinsìnyí, kó tó di ọ̀rọ̀ ẹkún. Tí ọlọ́pàá bá dá ọmọ zémidjan kan dúró lójú títì, tí ẹnì kan dúró lọ́ọ̀ọ́kán, tó fi fóònù ya ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ṣé onítọ̀hún dáràn ni? Àwa gbà pé kò dáràn. Iṣẹ́ ìlú ni ọlọ́pàá ń ṣe, owó ìlú la fi ń san án, ojú títì ló sì ti ń ṣe é. Ohun tí ojú gbogbo wa lè rí, kò yẹ kó di èèwọ̀ fún fóònù.

Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Tí kò bá sí ẹ̀rí lọ́wọ́ aráàlú, ẹjọ́ ẹnìkan ni adájọ́ máa ń gbọ́. Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún 2020, George Floyd kú sọ́wọ́ ọlọ́pàá ní ìlú Minneapolis, ní Amẹ́ríkà. Ohun tí àwọn ọlọ́pàá kọ́kọ́ kọ síta ni pé àìsàn ló gbé e. Darnella Frazier, ọmọbìnrin ẹni ọdún 17, ló ya fídíò tó fi hàn pé orúnkún ọlọ́pàá ló wà lọ́rùn ọkùnrin náà. Lọ́dún kejì, ilé ẹjọ́ dá ọlọ́pàá náà lẹ́bi ìpànìyàn.

Ẹ jẹ́ ká má lọ jìnnà. Ní Nàìjíríà, lẹ́bàá wa níhìn-ín, àwọn ọ̀dọ́ jáde ní oṣù Kẹwàá 2020 nítorí ìyà tí ọlọ́pàá SARS fi ń jẹ wọ́n. Ní ọjọ́ 20 oṣù náà, àwọn ṣójà yìnbọn ní Lekki, l'Ékòó. Iléeṣẹ́ ológun kọ́kọ́ ní irọ́ ni. Ṣùgbọ́n DJ Switch ti ń fi í han ayé lórí Instagram bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Kò tó ọjọ́ mẹ́wàá tí iléeṣẹ́ náà fi gbà pé àwọn ṣójà òun wà níbẹ̀.

Kí ni òfin tiwa wí? Òfin ìpìlẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti 11 oṣù Kejìlá 1990, ní ẹsẹ 18, sọ pé a kò gbọ́dọ̀ dá ẹnikẹ́ni lóró, a kò sì gbọ́dọ̀ tì í mọ́lé kọjá wákàtí 48 láìjẹ́ pé adájọ́ pàṣẹ bẹ́ẹ̀. Ọmọ ìlú kankan ló lè kọ̀wé fúnra rẹ̀ sí Cour constitutionnelle. Ilé ẹjọ́ yìí ti sọ lọ́pọ̀ ìgbà pé àtìmọ́lé tó kọjá 48 lòdì sófin. Ẹ̀rí ló ń béèrè. Ọjọ́ wo ni wọ́n mú un? Aago mélòó? Ta ló mú un? Fóònù ló lè dáhùn.

Àmọ́ o, ẹ fi ọgbọ́n ṣe é. Ẹ dúró lókèèrè. Ẹ má bú ọlọ́pàá, ẹ má dí i lọ́wọ́. Tó bá ní kẹ́ ẹ sún sẹ́yìn, ẹ sún. Ẹ má gé fídíò náà kúrú. Ẹ má sì sáré gbé e sórí Facebook tàbí WhatsApp: Code du numérique ti 2018 kì í ṣe ohun eré. Akọ̀ròyìn ni Ignace Sossou, síbẹ̀ ohun tó kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ló gbé e dé ẹ̀wọ̀n ní oṣù Kejìlá 2019. Ẹ fún mọ̀lẹ́bí ẹni tí wọ́n mú, ẹ fún lọ́yà, tàbí kẹ́ ẹ mú un wá fún ẹgbẹ́.

A kò bá ọlọ́pàá jà. Ta ni à ń sáré pè tí olè bá wọlé? Ọlọ́pàá tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa, fóònù yóò gbè é lọ́jọ́ tí wọ́n bá parọ́ mọ́ ọn.

Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀bẹ̀ wa sí yín nìyí: nígbà tí ọ̀gá ọlọ́pàá bá tún wá kí yín, ẹ ní kó sọ ọ́ níwájú ìlú pé àwọn ọmọ abẹ́ òun kò ní gba fóònù lọ́wọ́ ẹni tó dúró jẹ́ẹ́ tó ń wò wọ́n. Ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde níwájú yín, kò sẹ́ni tí yóò lè sọ pé òun ò gbọ́.