Oríta Rélùwéè àti Àwọn Tí Ń Ṣọ́ Ọ

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 2023, rélùwéè kọlu bọ́ọ̀sì tí ó kó àwọn òṣìṣẹ́ Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, ní oríta PWD, Ṣógunlẹ̀, ní agbègbè Ìkẹjà. Ènìyàn 6 ni ó kú. Àwọn tí ó fara pa pọ̀ jọjọ. A gbé awakọ̀ bọ́ọ̀sì náà lọ sí ilé ẹjọ́, ariwo sì rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀ràn náà kò tán síbẹ̀.

Kí òǹkàwé wa kí ó rántí pé rélùwéè kì í ṣe mọ́tò. Irin ni ẹsẹ̀ rẹ̀, irin ni ọ̀nà rẹ̀, irin lórí irin a sì máa yọ̀. Bí ó bá wúwo tí ó sì ń sáré, ó lè rìn tó ìdajì máìlì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn tí a ti tẹ bíréèkì kí ó tó dúró. Kò sì lè yà sí ọ̀tún tàbí sí òsì. Nígbà tí awakọ̀ rẹ̀ bá rí mọ́tò lójú irin, fèrè àti bíréèkì nìkan ni ó kù fún un. Òun ni ó jókòó níwájú. Bí ó bá sì ṣe ọkọ̀ agbépo ni ó kọlù, òun ni iná yóò kọ́kọ́ bá. Ẹnìkejì rẹ̀ ni olùṣọ́ oríta, tí ó fi àsíá pupa lásán dojú kọ àwọn awakọ̀ tí kò fẹ́ dúró.

Nígbà tí rélùwéè Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901, oko àti igbó ni ó pọ̀ jù lọ ní ọ̀nà rẹ̀. Nísisìyí, ilé àti ọjà ti yí i ká. Nítorí náà, ẹjọ́ awakọ̀ kan kò lè wo àrùn náà sàn. Ìjọba Èkó ti mọ afárá sórí ojú irin ní Yábàá, Òyìngbò, Múṣín àti Ìkẹjà, fún ọ̀nà rélùwéè tí a ń pè ní Red Line, tí a ṣí ní ọjọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2024. Níbi tí mọ́tò bá ti ń gba òkè, tí rélùwéè ń gba ìsàlẹ̀, ìjà ti parí. Níbi tí kò bá sí afárá, ó yẹ kí ọ̀pá ìdènà àti agogo wà, kí òfin sì dúró lẹ́yìn olùṣọ́ oríta.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ má ṣe máa kán awakọ̀ yín lójú. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹrù tí ó pẹ́ lọ́nà yóò bá ọjà ọ̀la. Ẹni tí rélùwéè pa kò ní ọ̀la mọ́.