Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Fi Kọ́bọ̀ 1936 Tàn Yín Jẹ

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín wa: pé ẹni tó bá bá kọ́bọ̀ oníhò ọdún 1936 nínú àpótí ìyá rẹ̀ àgbà ti di olówó. Wọ́n ní Edward VIII, ọba Gẹ̀ẹ́sì tí orúkọ rẹ̀ wà lára owó náà, kò pé ọdún kan lórí oyè, nítorí náà owó rẹ̀ kò lè pọ̀. Irọ́ ni.

Òótọ́ díẹ̀ ni wọ́n fi bo irọ́ náà mọ́lẹ̀. Ọjọ́ 20 oṣù Ṣẹẹrẹ 1936 ni Edward jọba. Nígbà tó fi di ọjọ́ 11 oṣù Ọ̀pẹ̀, ó ti fi adé sílẹ̀. Ní Ìlú Ọba fúnra rẹ̀, wọn kò kó owó kankan tó ní àwòrán rẹ̀ jáde fún ará ìlú. Ìwọ̀nba tí wọ́n fi dánra wò ló wà, ìyẹn sì wọ́n bí ojú. Ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kọ́ nìyẹn. Kọ́bọ̀, eépìnnì àti onínní tiwa kò ní orí ọba, ihò ló wà láàárín wọn. Orúkọ nìkan ni wọ́n ní láti pààrọ̀, wọ́n sì tètè pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù kọ́bọ̀ ló jáde pẹ̀lú orúkọ EDWARDVS VIII.

Ẹ yí i sí ojú tí ìràwọ̀ onígun mẹ́fà wà, kí ẹ wá lẹ́tà kékeré. Bí ẹ bá rí H, ilé iṣẹ́ Heaton ní Birmingham ló ṣe é. KN ni ti King's Norton, Birmingham náà ni. Bí kò bá sí lẹ́tà, Lọ́ńdọ̀nù ni. Ilé iṣẹ́ mẹ́ta ló ń tẹ kọ́bọ̀ ọba kan láàárín ọdún kan! Níbo ni ọ̀wọ́n ti wá?

Àwọn mìíràn á ní: "Ó ṣáà ti pẹ́." Kí ni pípẹ́ fẹ́ ṣe? Ẹ mú ṣílè tiwa méjì tí ọdún 1920 wà lára wọn. Ọ̀kan lè jẹ́ fàdákà, èkejì lè jẹ́ idẹ, torí ọdún yẹn gan-an ni wọ́n ń yí láti fàdákà sí idẹ. Ọjọ́ orí wọn dọ́gba, iye wọn kò dọ́gba.

Ẹ̀ka irọ́ kejì ni ti àléébù: pé nọ́ńbà tó bá ti dà bíi méjì-méjì, owó ńlá ni. Ní Amẹ́ríkà, sẹ́ǹtì 1955 kan wà tí ọdún ara rẹ̀ yọ lẹ́ẹ̀mejì lóòótọ́, àwọn olùkójọ sì ń du ú. Irin òǹtẹ̀ fúnra rẹ̀ ni wọ́n fín lẹ́ẹ̀mejì láìbára mu. Gbogbo owó tí irin yẹn tẹ̀ ló gba àbùkù kan náà, nọ́ńbà méjèèjì sì yọ kedere. Bí irin bá kàn mì nígbà tó ń tẹ owó, ohun pẹlẹbẹ kan ni ẹ ó rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà. Ìyẹn pọ̀ lọ jàra, kò sì mówó wá.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ihò tó yẹ̀. Kí wọ́n tó tẹ àmì sí kọ́bọ̀ ni wọ́n ti ń lu ihò rẹ̀, òǹtẹ̀ á sì gbé etí ihò náà sókè. Bí etí ihò bá rí ṣákaṣàka, tí ojú fáìlì sì hàn níbẹ̀, ọwọ́ ẹnìkan ló ṣe é lẹ́yìn tó ti kúrò nílé iṣẹ́.

Ohun tó ń gbé owó àtijọ́ níyì ni iye tó ṣẹ́ kù àti bí ara rẹ̀ ṣe pé tó. Ìdí nìyí tí ẹ kò fi gbọdọ̀ fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyanrìn fọ̀ ọ́. Dídán tí ẹ ń wá yẹn, iye rẹ̀ lẹ ń bó dànù.

Ẹni tó bá fẹ́ ra kọ́bọ̀ yín, kó kó owó rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ kọ́kọ́ san owó ìforúkọsílẹ̀ kí òun tó bá yín wá òyìnbó tí yóò rà á, ẹ fi ọ̀nà hàn án.