Ìfẹ́ Tí Ó Kọ Dọ́là 10,000

Àwọn ọ̀dọ́ a máa wí pé sinimá dúdú àti funfun ti di ohun àtijọ́, pé kò dùn ún wò mọ́. Ẹ sọ fún wọn pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Ní ọdún 1934 ni Frank Capra ṣe sinimá kan ní Amẹ́ríkà tí a ń pè ní It Happened One Night. Oscar 5 ni ó gbà: ti sinimá, ti olùdarí, ti òṣèrékùnrin Clark Gable, ti òṣèrébìnrin Claudette Colbert, àti ti ẹni tí ó kọ eré náà.

Ellie, ọmọ olówó, bá baba rẹ̀ jà nítorí ọkọ tí ó yàn. Ó bẹ́ sómi láti inú ọkọ̀ baba rẹ̀, ó wọ bọ́ọ̀sì láti Miami, ó di New York. Nínú bọ́ọ̀sì ni ó ti pàdé Peter, akọ̀ròyìn tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rín sì ni fún àwa tí ń wò wọ́n! Nígbà tí wọn kò ní ọkọ̀ mọ́, Peter ń yangàn pé àtàǹpàkò òun nìkan tó láti dá mọ́tò dúró. Gbogbo mọ́tò kọjá lọ fíìfíì. Ellie ká yẹ̀rì sókè díẹ̀, èyí tí ń bọ̀ sì tẹ bíréèkì lójijì.

Nígbà tí wọ́n sùn sí yàrá kan, Peter ta okùn sáàárín ibùsùn méjèèjì, ó fi kúbùsù kọ́ ọ, ó pè é ní odi Jẹ́ríkò. Kò sì kọjá rẹ̀.

Baba Ellie ti kéde dọ́là 10,000 fún ẹni tí ó bá bá a rí ọmọ rẹ̀. Iṣẹ́ wọ́n gidigidi ní Amẹ́ríkà nígbà náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Peter dé ọ̀dọ̀ baba, dọ́là 39 àti sẹ́ǹtì 60 péré ni ó béèrè, iye tí ìrìn-àjò náà jẹ ẹ́, pẹ̀lú ìṣirò ẹrù tí ó tà. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ ti rí irú ìwé owó bẹ́ẹ̀ rí?

Èdè-àìyedè ti yà wọ́n nígbà náà, Ellie sì ń múra àtifẹ́ ẹni àkọ́kọ́. Bí baba ti ń mú un lọ síwájú àlùfáà, ó sọ ọ̀rọ̀ owó náà fún un wúyẹ́wúyẹ́, ó ní mọ́tò ti wà ní sẹpẹ́. Ìyàwó sì sá lọ!

Ẹ̀yin òbí, bí ọkùnrin bá wá tọrọ ọmọ yín, a máa ń béèrè ohun tí ó ní. Ẹ jẹ́ kí a máa béèrè pẹ̀lú pé, kí ni owó kò lè rà lọ́wọ́ rẹ̀? Àwọ̀ a máa ṣá, ìwà kì í ṣá.