Ó Yẹ kí Òfin Ilé Kíkọ́ Pàṣẹ Ilé Tútù àti Iná Oòrùn

Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ó yẹ kí a máa wo oòrùn bákan náà kí a tó kọ́lé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. A ó to búlọ́ọ̀kù, a ó fi páànù bò ó, a ó yọ fèrèsé tóóró sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ooru bá sì dé, a ó sá tọ fáànù, ẹ̀rọ amúlétutù àti jẹnẹrétọ̀ lọ. Ní èrò tèmi, ìmọ̀ràn nìkan kò tó mọ́. Òfin ni ó yẹ kí ó sọ ọ́ di dandan pé kí ilé tuntun má ṣe fi iná ṣòfò, kí ó sì máa gba iná lára oòrùn.

Lọ́nà kìíní, ilé tútù kò ṣàjèjì sí wa. Ògiri amọ̀ àwọn baba wa nípọn, òrùlé wọn bo ọ̀dẹ̀dẹ̀, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ yíká àgbàlá inú agbo ilé. N kò sọ pé kí a padà sí ilé amọ̀. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ni kí a mú. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan tí mo ti kọ́ni, ọ̀wọ́ kíláàsì méjì ni ó wà. Èyí àtijọ́ kọjú sí àríwá àti gúúsù, ó ní fèrèsé ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, òrùlé rẹ̀ sì yọ síta bo fèrèsé. Èyí tuntun kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, kò sì ní àjà. Bí ó bá ti di aago kan ọ̀sán, àwọn ọmọ inú èyí tuntun a máa tòògbé, àwọn ti inú èyí àtijọ́ a sì máa bá ẹ̀kọ́ wọn lọ. Oòrùn kan náà ni ó ń ràn sórí méjèèjì. Bí a ti kọ́ wọn ni kò dọ́gba.

Lọ́nà kejì, ẹni tí ó ń kọ́lé kọ́ ni ó sábà máa ń jìyà rẹ̀. Onílé ń fẹ́ kí ilé tètè parí, kí owó rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Ayálégbé ni yóò máa sùn nínú ooru, òun ni yóò máa san owó iná, òun ni yóò sì máa ra epo jẹnẹrétọ̀, èyí tí ó túbọ̀ wọ́n láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọdún 2023. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ti pa odindi ìdílé mọ́ ojú oorun rí. Bí òfin kò bá gbèjà ayálégbé, ta ni yóò gbà á?

Àwọn ẹlòmíràn ti ṣe irú òfin yìí. Lẹ́yìn tí epo rọ̀bì gbówó lórí ní àwọn ọdún 1970, Ísírẹ́lì ṣe òfin ní ọdún 1980 pé kí ilé gbígbé tuntun ní ẹ̀rọ tí ń fi oòrùn gbé omi gbóná. Ní ìpínlẹ̀ Kalifóníà ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 2020 ni òfin ti pàṣẹ pé kí àwọn ilé gbígbé tuntun ní sólà, àyàfi àwọn díẹ̀ tí a yọ sílẹ̀. Àwa náà kò ṣaláìní oòrùn.

Ní Nàìjíríà, a kò ṣaláìní ìwé. Ìwé ìlànà ilé kíkọ́ ti orílẹ̀-èdè jáde ní ọdún 2006. Ní ọdún 2017, ìjọba àpapọ̀ gbé òmíràn jáde lórí ìṣọ́ iná lò nínú ilé. Ó sọ nípa fèrèsé, òrùlé, iná inú ilé àti ẹ̀rọ amúlétutù. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ìpínlẹ̀ ni àṣẹ ètò ìlú àti ilé kíkọ́ wà. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fìdí èyí múlẹ̀ ní ọdún 2003. Bí ìpínlẹ̀ kan kò bá sọ ìlànà náà di òfin tirẹ̀, ìwé lásán ni yóò jẹ́ níbẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé irú òfin bẹ́ẹ̀ kò ní jẹ́ kí tálákà lè kọ́lé. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn, nítorí sólà àti bátìrì kì í ṣe ohun olówó pọ́ọ́kú. Ṣùgbọ́n èló ni ó ń náni láti yí ojú ilé padà nínú àwòrán, kí a tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀? Níbi tí ilẹ̀ bá sì há, a ṣì lè ṣe àjà, kí a kun òrùlé ní funfun. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kí òfin kọ́kọ́ mú ilé ìfowópamọ́, òtẹ́ẹ̀lì, ilé iṣẹ́ ìjọba àti ilé àwọn olówó. Fún ilé kékeré, ó tó bí òrùlé bá le tó láti ru sólà, tí páìpù wáyà rẹ̀ sì ti wà nínú ògiri, kí onílé lè fi í sí i nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá tẹ owó.

Àwọn mìíràn yóò ní àwọn òṣìṣẹ́ tí ń yẹ ilé wò yóò sọ òfin di ọ̀nà àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Èyí kò yẹ kí ó dá wa dúró. Fèrèsé àti òrùlé kì í ṣe ohun tí a lè fi pamọ́. Ẹni tí ń kọjá lọ lójú títì pàápàá yóò rí i bí onílé bá rú òfin.

Ní àkótán, ilé tí a bá kọ́ lónìí, àwọn ọmọ wa ni yóò gbé inú rẹ̀ pẹ́. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Kí ìpínlẹ̀ tí kò bá tí ì ṣe é sọ ìlànà ọdún 2017 di òfin, kí ó sì fi ti sólà kún un, kí ilé tí a fi owó àti òógùn kọ́ má baà di ààrò fún àwọn tí ń sùn nínú rẹ̀.