Ẹ Má Ta Amp Oní-valve Yín

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń bá àwọn olórin bójú tó ohùn lóde àríyá sọ̀rọ̀ kan láìpẹ́ yìí tó ká mi lára. Ó ní onígìtá tó bá ṣì ń gbé amp oní-valve (ẹ̀rọ agbóhùnsókè tó ń lo valve onígíláàsì) kiri, ẹrù lásán ló ń rù, pé gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ti wà nínú àpótí kékeré oníkọ̀ǹpútà, àti pé kò sí etí tó lè mọ ìyàtọ̀. Irọ́ ni. Onígìtá tó bá fẹ́ ní ohùn tirẹ̀, amp oní-valve ni kó lò. N kò fi sábẹ́ ahọ́n sọ.

Kò sí etí tó lè mọ̀ ọ́n? Etí ta ni? Ṣé ti ẹni tó jókòó lẹ́yìn àgọ́, tó dojú kọ ìrẹsì àti ẹran? Ẹni tó di gìtá mú ló kọ́kọ́ mọ̀. Tí o bá rọra ta okùn, ohùn á mọ́ gaara. Tí o bá ta á tagbáratagbára, valve kò ní lè gbé e tán, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í ha díẹ̀díẹ̀, á nípọn, kò sì ní já lójijì. Yí bọ́tìnì ara gìtá wálẹ̀ díẹ̀, ohùn á tún mọ́, o kò sì fọwọ́ kan amp rárá. Bí àyàn ṣe ń fún gángan lábíyá tí ìlù ń fèsì gẹ́lẹ́ ni.

Ọ̀gbẹ́ni yìí tún ń fọ́nnu pé ohùn amp tó wà nínú àpótí òun kò lóǹkà. Kó wo orúkọ tí wọ́n ń fara wé níbẹ̀: Fender Bassman, Marshall, Vox AC30. Oní-valve ni gbogbo wọn! Àpótí Kemper tí wọ́n ṣe ní Jámánì ńkọ́? Kí ó tó lè da ohùn amp kan kọ, ẹnìkan ní láti gbé amp gidi náà kalẹ̀, kó gbé máíkì síwájú sípíkà rẹ̀. Ohun tí ẹ ní ayé ti kọjá rẹ̀ náà lẹ ń dà kọ tọ̀sán tòru.

Wọ́n á ní Marshall náà, Bassman ló dà kọ. Òótọ́ ni. Onílù ni Jim Marshall, ìlù ló sì ń tà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Hanwell, ní ìwọ̀-oòrùn London, kí àwọn onígìtá tó máa bẹ̀ ẹ́ pé kó bá àwọn wá amp. Ní 1962, òun àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ wo bí wọ́n ṣe to inú Bassman ti Amẹ́ríkà, wọ́n to tiwọn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n sípíkà Celestion ni wọ́n lò, nígbà tó sì yá, valve KT66 ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń fi sí i. Ohùn mìíràn jáde. Ní 1966, onígìtá Eric Clapton gbé Marshall wọ situdíò Decca láti bá olórin John Mayall ṣe àwo, ó yí i sókè débi pé ẹnjiníà fárí gá. Clapton kò yí i wálẹ̀, títí dòní ni àwọn onígìtá sì ń wá ohùn inú àwo yẹn kiri. Láti 1998 tí iléeṣẹ́ Line 6 ti gbé àpótí POD jáde, ohùn tuntun wo ni àwọn oníkọ̀ǹpútà bí? Ti àtijọ́ náà ni wọ́n ń tà fún wa.

Ó ti pẹ́ tí irú ọ̀rọ̀ ọ̀gbẹ́ni yẹn ti ń bí mi nínú. Ojú wa báyìí ni ọkùnrin kan pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù ṣe gba òde lọ́wọ́ odidi ẹgbẹ́. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí gìtá ṣe ń dá ara wọn lóhùn nínú orin Ebenezer Obey tàbí King Sunny Adé mọ ohun tí a pàdánù. Onísitudíò kan ní kí n fi amp mi sílẹ̀ lóde, kí n ki wáyà gìtá bọ ẹ̀rọ òun tààrà. Ohùn mi nínú àwo yẹn tín-ín-rín bí ẹní fi imú kọrin, inú mi kò sì tíì yọ́ sí i.

Amp oní-valve wúwo, àbí? Twin Reverb ti Fender sún mọ́ kílò 30, Tone Master oníkọ̀ǹpútà tí Fender gbé jáde ní 2019 kò ju bí ìdajì rẹ̀ lọ. Ẹgbẹ́ tó ń gbé jẹnẹrétọ̀ lọ sóde lè gbé amp. Iná kò dúró sójú kan? Ẹ ra stabilizer.

Bí valve bá kú, ẹ ó yọ ọ́, ẹ ó ki òmíràn bọ̀ ọ́. Wọ́n ṣì ń ṣe é ní Slovakia, Rọ́ṣíà àti Ṣáínà. Amp oní-valve tó wà nílẹ̀ nínú yàrá ẹrù ẹgbẹ́ olórin tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì yín, ẹ má jẹ́ kí àwọn tó ń ra irin àlòkù gbé e lọ. Ẹ wá àgbàlagbà tó tún rédíò oní-valve ṣe rí, kó bá yín yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ má fúnra yín tú u: iná inú rẹ̀ lè kọjá 400 volt, ó sì lè ṣì wà nínú kapásítọ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ wáyà kúrò lára ògiri. Ẹ má sì tàn án láìsí sípíkà lára rẹ̀, nítorí transformer rẹ̀ lè jó.